Ẹ̀bùn Kékeré, Ìtumọ̀ Ńlá: Bí Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀ Ṣe Lè Di Ẹ̀bùn Tó Wuyì

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn mu gan-an. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìnáwó tí ènìyàn ń lọ tí kì í kọ́kọ́ ro ohun tí yóò mú dání. Ẹni tó fẹ́ lọ kí ìyá ọmọ tuntun kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ń lọ sílé àna rẹ̀ mọ̀ pé ojú ń wo ọwọ́ òun. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣòkú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń sá fún ìnáwó nígbà tí ọwọ́ wọn kò bá gùn. Wọ́n á ní ara àwọn kò yá, tàbí kí wọ́n ní àwọn rìnrìn-àjò. Nígbà tó bá pẹ́, ìbátan á tutù, ọ̀rẹ́ á di ojúlùmọ̀ lásán. Owó ni wọn kò ní, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n pàdánù, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ló sọ pé ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó ọjà tí àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, kéde fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Bí ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ bá ní ìkómọ méjì, ìgbéyàwó kan àti ìsìnkú kan nínú oṣù kan ṣoṣo, kí ni yóò fi ṣe? Bó bá yáwó, ó jẹ gbèsè. Bí kò bá lọ, ó di ẹni tí kò mọ ẹbí. Ọ̀nà kẹta wà, òun sì ni àṣà Yorùbá ti là sílẹ̀ tipẹ́: ẹ̀bùn tó kéré lówó, ṣùgbọ́n tó tóbi ní ìtumọ̀.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÌFỌ́N-Ọ̀ṢUN

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oròlú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó yàtọ̀ sí Ìfọ́n tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúfọ́n ni oyè ọba ìlú méjèèjì. Ìfọ́n ti Ọ̀ṣun wà lẹ́bàá Ìlobù, lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òrìṣà tí a mọ orúkọ ìlú yìí mọ́ jù lọ ni Òrìṣà Olúfọ́n, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun tí Ọbàtálá jẹ́ olórí wọn.

Ẹni tó bá wo ohun tí a fi ń bọ Òrìṣà Olúfọ́n yóò rí i pé kò sí ohun olówó ńlá kan níbẹ̀. Ìgbín ni, òrí ni, ẹfun ni, obì ifin ni, aṣọ àlà ni, àti omi tútù. A kì í gbé ẹmu lọ síwájú òrìṣà funfun, a kì í sì fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí èyí ń kọ́ ni ni pé kì í ṣe ọ̀wọ́n ohun ló ń sọ ọ́ di ẹ̀bùn àtàtà, bí kò ṣe pé ó bá ẹni tí a fẹ́ fún mu. Àgbá ẹmu kan lè wọ́n ju ìgbín kan lọ, ṣùgbọ́n níwájú Òrìṣà Olúfọ́n, àbùkù ni ẹmu, ẹ̀yẹ ni ìgbín.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì gbé òrìṣà yìí dání lọ. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, Oxalufã ni wọ́n ń pè é, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Òrìṣà Olúfọ́n kúrò nílé láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ojú ọ̀nà ni Èṣù ti da epo, èédú àti àdín sí aṣọ àlà rẹ̀. Nígbà tó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, tó sì ń mú un bọ̀ wálé, àwọn ìránṣẹ́ ọba pè é lólè, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Òjò kọ̀, àwọn obìnrin kò bímọ mọ́, títí tí Ifá fi sọ pé aláìṣẹ̀ kan wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí Ṣàngó dá a mọ̀, kò kọ́kọ́ kó wúrà fún un, kò kó ẹrú fún un. Omi tútù ló ní kí wọ́n pọn wá láti fi wẹ̀ ẹ́, aṣọ funfun ni wọ́n sì wọ̀ fún un. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún tí wọ́n ń pè ní Omi Òrìṣàńlá ní Salvador, tí àwọn olùsìn yóò wọ aṣọ funfun, tí wọn yóò sì ru omi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Omi ni ẹ̀bùn náà, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ ni ìtùnú àti àforíjì.

OHUN TÍ OHUN KỌ̀Ọ̀KAN Ń SỌ

Ẹ̀bùn Yorùbá máa ń sọ̀rọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, ohun ìwúre tí wọ́n tò sílẹ̀ kì í ju ohun tí ènìyàn lè rà lọ́jà kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtumọ̀ wọn lè fi díẹ̀ nínú wọn di ẹ̀bùn tí kò ní ná an ní owó púpọ̀.

Obì wà fún bíbi ibi dànù: bíbi ikú, bíbi àrùn. Orógbó wà kí ẹni náà lè gbó, kó tọ́. Ataare wà fún ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí pé inú ataare kì í ṣófo. Oyin àti ìrèké wà kí ayé ẹni lè dùn. Iyọ̀ wà kí ẹni náà lè wúlò láwùjọ, nítorí pé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ kò ní adùn. Omi wà nítorí pé omi kò lọ́tàá. Epo wà fún ìrọ̀rùn. Ẹja wà nítorí pé orí ni ẹja fi í la ibú já. Bí ènìyàn bá kó obì mélòó kan, orógbó mélòó kan, odidi ataare kan àti ìgò oyin kékeré kan sínú apẹ̀rẹ̀, tó sì wúre lórí wọn, ó ti gbé odindi àdúrà fún ẹni tó bímọ.

Ohun kan wà tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi kún ọ̀rọ̀ oyin. Àwọn oníṣègùn kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi oyin sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí inú ọmọ tuntun kò lè borí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ tuntun máa mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìfi omi kún un. Nítorí náà, ìyá, bàbá àti àlejò ni kó tọ́ oyin náà wò; ìwúre náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ẹrù ìyàwó náà kún fún irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé, iṣu 42, obì 42, orógbó 42 àti ataare 42 ni wọ́n máa ń béèrè, pẹ̀lú epo, iyọ̀, oyin, ẹja, aṣọ àti Bíbélì tàbí Kùránì. Iye yìí kò rí bákan náà nílé gbogbo, àwọn mìíràn ń béèrè iye tó dín sí i. Èyí tó yẹ kí ọkọ ìyàwó tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn mọ̀ ni pé ìwé náà kì í ṣe òfin. Kí àwọn àgbà ilé rẹ̀ tètè lọ bá àwọn àgbà ilé ìyàwó sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó tẹ ìwé ìpè. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń dá owó orí padà lójú agbo, tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò ta ọmọ. Ẹni tó lè dá owó padà kò ní ṣàì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí iye iṣu.

ÀROKÒ: Ẹ̀BÙN TÓ JẸ́ LẸ́TÀ

Kí ìwé kíkọ tó dé, Yorùbá ń fi àrokò ránṣẹ́. Ní ọdún 1887, àpèjúwe àrokò àwọn Ìjẹ̀bú jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu sì ya àwọn tó kà á. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí, nítorí ẹfà ni. Owó ẹyọ mẹ́jọ túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọ̀kan, nítorí ẹ̀jọ ni. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra wọn, ìfẹ́ ni, ẹni náà sì ń fẹ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sójú. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé.

Ohun tí a lè fi èyí ṣe lónìí pọ̀. Ọkọ tí owó rẹ̀ kò tó ra wúrà lè fi okùn so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ aṣọ tó rà fún ìyàwó rẹ̀, kó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ kúrò nílé-ìwé lè fi owó ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́ síra wọn. Aṣọ lásán ni aṣọ tí a rà lọ́jà. Àmọ́ bí a bá so àrokò mọ́ ọn, ó di ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo lè gbà, nítorí pé òun nìkan ni a kọ ọ́ sí.

BÍ A ṢE Ń KÓ OWÓ Ẹ̀BÙN JỌ

Ìṣòro ẹ̀bùn kì í sábà jẹ́ àìlówó nìkan. Àìmúra sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún Iléyá, ọdún Kérésìmesì, ọjọ́ ìbí àti ìgbéyàwó tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀ kì í bá ènìyàn lójijì. Àjọ àti èsúsú ni oògùn rẹ̀. Èsúsú kì í ṣe àṣà àná: Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, William Bascom, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, sì kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní ọdún 1952.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe àlàyé. Ẹni tó ń san ₦100 fún alájọ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò ní ₦3,100. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, ìyẹn ₦100, yóò sì ku ₦3,000. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú oṣù mẹ́fà, yóò ní ₦18,000, tí kò sì yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá dá èsúsú ₦500 lọ́sẹ̀, ₦5,000 ni yóò máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bó bá kàn án. Ẹni tó bá ní ìnáwó níwájú lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó gba tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ọ̀nà kejì ni kí a jọ dá owó ẹ̀bùn. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́wàá bá fẹ́ lọ kí ìyá ọmọ, tí oníkálukú ra abọ́ oníke kékeré, abọ́ mẹ́wàá ni ìyá ọmọ yóò ní, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Bí wọ́n bá dá ₦2,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦20,000 ni, wọ́n sì lè bi í léèrè ohun tó ṣe é ní ìṣòro jù. Ẹnìkan ṣoṣo kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọ̀nà kẹta ni kí a mọ àsìkò. Iṣu tuntun máa ń dé láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, àgbàdo tútù ṣáájú rẹ̀. Máńgòrò àti kajú, tí agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ gbajúmọ̀ fún, máa ń so ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ọsàn máa ń pọ̀ nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá ń sún mọ́lé. Ẹ̀ẹ̀rùn náà ni epo pupa máa ń pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó ra epo sílẹ̀ nígbà tó pọ̀, tó tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, lè fi ṣe ẹ̀bùn nígbà tó bá wọ́n. Ẹni tó sì gun ọkọ̀ lọ sí ọjà ìlú kékeré ní ọjọ́ ọjà, tó ra nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, lè rà á ní ẹ̀dínwó ju ẹni tó dúró de alátùtà ní Òṣogbo, bí owó ọkọ̀ kò bá jẹ èrè náà tán.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a pín owó kí a tó jáde nílé. Bí ₦5,000 bá ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́, kí ₦3,000 wà fún ohun pàtàkì kan ṣoṣo, ₦1,000 fún ohun kékeré tó ń bá a rìn, ₦500 fún dídì, ₦500 yòókù fún owó ọkọ̀. Ohun pàtàkì kan tó dára sàn ju ohun márùn-ún tí kò dára lọ. Ìdí tí a fi ní kí a yọ owó ọkọ̀ sílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ló ti kú sílé nítorí pé ẹni tó rà á kò rówó gbé e débẹ̀.

DÍDÌ ÀTI ỌNÀ

Ìwé aláràbarà tí a fi ń di ẹ̀bùn lè gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a fún yóò fà á ya lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yorùbá ní ohun tó dára jù ú lọ. Ewé tútù ni a fi ń di obì kó má baà gbẹ. Igbá fínfín wà, apẹ̀rẹ̀ onípákó wà, ẹní kékeré wà. Aṣọ náà lè jẹ́ ìdì: kí a fi ìborùn tàbí àdìrẹ ìwọ̀n ọ̀pá kan di ohun tó wà nínú, kí ẹni náà sì tún rí aṣọ lò. Àwọn ará Japan ní irú àṣà yìí, furoshiki ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà nítòsí Òṣogbo kò sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ, nítorí pé ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo.

Ohun tó kẹ́yìn nínú dídì ni ọ̀rọ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni náà, kí a kọ oríkì rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n, kí a sì kọ ìdí tí a fi yan ohun náà. Owó ìwé pélébé kan ni. Ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi oríkì kí nígbà tó ń gbé ọṣẹ dúdú àti òrí fún un kì yóò bi í pé èló ló rà á.

ẸNI TÓ BÁ YẸ, OHUN TÓ YẸ Ẹ́

Fún ìyá ọmọ tuntun, ọṣẹ, òrí, aṣọ ọmọ tó mọ́, gaàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ dára. Èyí tó dára jù ni kí obìnrin kan lọ bá a fọ aṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí kó gbé ọmọ kí ìyá lè sùn. Àwọn bàbá ńlá wa mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ẹ̀bùn. Nínú àárò, àwọn ọ̀dọ́ yóò máa lọ ro oko ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá yóò ké sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, yóò sì fún wọn ní oúnjẹ. Ọkọ ọmọ a máa kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ro oko àna rẹ̀. Kò mú owó lọ, agbára rẹ̀ ló mú lọ, àna sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Fún aláìsàn, kí a kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ohun tó lè jẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò nílò mílíìkì dídùn àti bisikíìtì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kò nílò ẹja oníyọ̀. Èso, omi tó mọ́, owó oògùn nínú àpò ìwé, tàbí kí a bá a dúró ní ilé ìwòsàn lóru kan, ẹ̀bùn gidi ni.

Fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ohun tí ó lè tètè lò ni kí a gbé lọ: ẹ̀kọ, búrẹ́dì, omi, àga tí a yá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Fún olùkọ́ tàbí ọ̀gá iṣẹ́ ọwọ́ tó ti ń kọ́ ọmọ ẹni, ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣe ló ń dùn mọ́ni jù. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ lè rán fìlà kan. Ọmọ tó mọ ìwé kọ lè kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ ní èdè Yorùbá tó já gaara.

Fún àwọn Mùsùlùmí ní oṣù Àwẹ̀, dàbínù, èso àti ṣúgà fún ìṣínu jẹ́ ẹ̀bùn tó bá àkókò mu. Ẹ̀kọ́ Ànábì ni pé kí aládùúgbò má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn aládùúgbò rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ àgùntàn. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà mọ ìtàn opó tó fi ẹyọ owó kékeré méjì sínú àpótí ní tẹ́mpìlì, tí Jésù sì sọ pé ó fi sílẹ̀ ju àwọn ọlọ́rọ̀ lọ.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Èkíní ni gbèsè. Aṣọ ẹbí tí a yáwó rà kì í dùn wọ̀. Bí ẹni tó ń náwó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́, a lè sọ fún un pé a kò lè ra aṣọ, ṣùgbọ́n a ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, a ó sì bójú tó àlejò rẹ̀.

Èkejì ni ohun tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Kí a wo ọjọ́ tó wà lára agolo àti bébà kí a tó rà á, pàápàá ohun tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó nígbà ọdún. Kí a sì wo ẹ̀pà àti èlùbọ́ dáadáa bóyá èébu wà lára wọn.

Ẹ̀kẹta ni níná owó mọ́ni lórí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fọ́n náírà ká, láti jó lé e lórí tàbí láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ìnáwó. Ìjìyà rẹ̀ kò dín sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Owó inú àpò ìwé, tí a fi ọwọ́ méjèèjì fún ni, ló bójú mu, kò sì sí ẹni tí yóò mọ iye tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kí a má ṣe fi ẹ̀bùn dẹ gbèsè sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Marcel Mauss, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ ìwé lórí ẹ̀bùn ní ọdún 1925, ṣàlàyé pé níbi púpọ̀ láyé, ojúṣe mẹ́ta ló so mọ́ ẹ̀bùn: kí a fún ni, kí a gbà á, kí a sì san án padà. Yorùbá mọ èyí; wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bùn bá tóbi ju agbára ẹni tí a fún lọ, ìrònú bí yóò ṣe san án padà kò ní jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Ẹ̀bùn kékeré kì í dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí.

Ẹ̀BÙN TÓ Ń LA ÀÁRÍN ÌLÚ KỌJÁ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà lórí ilẹ̀ láàárín Ìfọ́n, Ìlobù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé. Ilé jóná, ẹ̀mí sì sọnù. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀bùn lè yanjú. Ti ìjọba, ti ọba àti ti ilé-ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kanra báyìí kò ní ṣàìfẹ́ ọmọ ara wọn, ọmọ ìyá kan náà lè wà ní ìhà méjèèjì. Irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ kò lè dúró títí tí wọn yóò fi parí ẹjọ́ kí wọ́n tó kí ara wọn. Abọ́ èlùbọ́ kan tí a fi ránṣẹ́ sí ìyá ìyàwó, obì tí a fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó bímọ, ìkíni lórí fóònù ní ọjọ́ ọdún, gbogbo rẹ̀ ń sọ ohun kan náà tí owó ẹyọ méjì tó kọjú síra wọn ń sọ.

Nínú ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló gba omi tútù, ọba tó ni ìlú ló sì ní kí wọ́n pọn ọ́n wá. Ẹni tó jù ú lọ ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Nítorí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé nítorí pé ohun tó ní kò tó nǹkan. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Kó wo ẹni tó ń lọ bá, kó wo ohun tó yẹ onítọ̀hún, kó dì í dáadáa, kó fi ọ̀rọ̀ rere lé e, kó sì lọ.